Ariwo Tí Mo Fi Ń Sùn ní Àrẹ̀mọ

Orúkọ mi ni Rèbékà Ìbírónkẹ́ Dáfídì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mo ṣì ń ka Bíbélì mi láìlo awò ojú. Ọmọ Sámúẹ́lì Dáfídì ni mí, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kan àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àgbádárìgì. Òun ni ọmọ Dáfídì Akínṣọlá, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú òkun gbé lọ sí Sàró ní kékeré, tí ó sì padà sí ilẹ̀ wa pẹ̀lú àpótí ìwé kan àti ìyàwó kan tí ó mọ orin kọ. Lìdíà Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá mi, ọmọ àwọn tí ń se iyọ̀ ní etí òkun. Mo to ìdílé mi lẹ́sẹẹsẹ báyìí kí ẹni tí yóò kà nípa bí mo ṣe so ìkarahun mọ́ etí, àti bí mo ṣe gbé àga lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kéwú, má baà rò pé ọmọ tí a kò kọ́ ni mí.

Nínú ilé tí a bí mi sí, ìró òkun kò dákẹ́ rí. Lọ́sàn-án, a kì í gbọ́ ọ mọ́, nítorí pé a ti gbọ́ ọ jù. Bí ilẹ̀ bá ṣú ni ó máa ń wọlé wá bí ẹbí, tí yóò bá wa jókòó títí a ó fi sùn. Èmi kò mọ̀ pé ohùn náà ni ó ń mú mi sùn. Mo rò pé ìwà rere ni.

Mo pé ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí àwọn àgbà ìjọ rán mi lọ sí Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti etí òkun gòkè lọ sí Ìbàdàn ti lọ sí ìdálẹ̀ pátápátá. Bàbá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi àdéhùn dè mí. Ìdánwò olùkọ́ yóò wáyé ní òpin ọdún kejì. Bí mo bá yege, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí mo bá kùnà, kí n padà wálé wá fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì, akọ̀wé ilé aṣọ́bodè, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí gbogbo ìlú sì ń yìn nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Mo ti bá a jókòó rí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan. Títí a fi mu tíì tán, ìró kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni ti tíì náà.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa, òrùlé koríko lórí òkè, òrùlé koríko ní àfonífojì, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n lè dúró ní òkè kan kí wọ́n máa bá ẹni tí ó wà ní òkè kejì ṣe àríyànjiyàn. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ìjókòó, wọ́n kí mi kú ìdìde. Ní Ọjà'ba ni mo ti pàdé ẹja tí mo mọ̀ ní tútù nílé. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ó sì ti ká ìrù bọ ẹnu. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí tí ẹni tí ń tà á fi béèrè bóyá ẹbí mi ni.

Ilé opó kan nínú ìjọ wa, Ìyá Jémíímà, ni wọ́n fi mí wọ̀ sí ní Àrẹ̀mọ. Obìnrin rere ni. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, “Míìsì, ẹ” ni. Bí inú bá ń bí i, “Rèbékà, o” ni. Yàrá iwájú ni ó fún mi, yàrá àlejò pàtàkì, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìró kankan kò lè wọ ibẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo pa ojú dé, mo ń retí oorun. Oorun kò wá. Mo ń gbọ́ ọkàn ara mi bí ó ti ń lù. Mo gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni títí tí n kò fi mọ ọjọ́ mọ́.

Ẹni tí kò sùn lóru yóò sùn níbòmíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kọ A sára pátákó, mo kọ B, mo sì fi iwájú orí ti pátákó náà láti sinmi díẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń retí C.

“Ẹ dákẹ́,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “Míìsì ń gbàdúrà.”

Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà, olùkọ́ àgbà wa, bá wọn. Ẹni ọ̀wọ̀ ni, onírùngbọ̀n funfun. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àdúrà ni, ó ṣí fìlà rẹ̀, òun náà sì tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ní ayé ìgbà náà, ohùn ará ilé kì í dé etí ẹni bí kò ṣe láti ẹnu ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá Fáló, oníṣòwò ẹja, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wa, kì í sì í yọ nǹkan kan kúrò. Bí ìyá mi bá pariwo nígbà tí ó ń rán an, òun náà yóò pariwo nígbà tí ó bá ń jẹ́ ẹ. Láàárín Ọjà'ba, lójú gbogbo ènìyàn, ni ó ti dúró tí ó sì ké bí ìyá mi gan-an:

“Ìbírónkẹ́! Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń wọ bàtà? Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì kí ọ!”

“Kí ni ó ní kí ẹ sọ fún mi, mà?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kí ọ ni. Ìyá rẹ ní o kò rí oorun sùn, ó ní òkun nìyí, kí o má fọ́ ọ.”

Ó sì gbé ìkarahun ńlá kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí òkun máa ń jù sí etí iyanrìn, tí ẹni tí ó bá gbé e sí etí yóò gbọ́ híhó omi nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi gèlè so ó mọ́ etí ọ̀tún mi, mo sì sùn. Mo sùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Jémíímà fi wọlé wá wò mí lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ.

“Rèbékà! Kí ni o so mọ́ etí?”

“Òkun ni, mà.”

“Òkun báwo?”

“Ohùn rẹ̀ ni, mà. Ẹ gbé e sí etí, ẹ ó gbọ́.”

Ó gbé e sí etí. Ojú rẹ̀ là. “Jésù! Ẹnìkan ń mí nínú rẹ̀!”

Ó fi aṣọ wé e, ó nà án síwájú bí ẹni gbé ọmọ tí ó tọ̀ sára, ó sì gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà. Àwọn àgbà ìjọ péjọ lórí rẹ̀. Wọ́n ń gbé e kiri láti etí dé etí. Ẹnìkan ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹnìkan ní kò dá òun lójú. Bàbá Lúùkù, tí etí rẹ̀ ti di láti ọjọ́ pípẹ́, gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì jẹ́rìí pé òun kò gbọ́ ohunkóhun tí ó lòdì sí ẹ̀kọ́ ìjọ. Wọ́n pinnu pé kí ó wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò náà kò parí.

Ìyá Jémíímà kò fẹ́ kí ẹni tí ń so nǹkan mọ́ etí máa gbé yàrá iwájú níbi tí àlejò lè rí i. Ó kó ẹrù mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fara dà á. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá náà àti agbo ilé Àfáà Sànúsí, tí ó ní ilé kéwú. Ní ìdájí àti ní àṣálẹ́, àwọn ọmọ kéwú a máa jókòó ti ògiri náà pẹ̀lú wàláà wọn, pátákó tí wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ wọn sí, wọn a sì máa kà á sókè.

Ní àṣálẹ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ohùn Àfáà tí ó lọ síwájú ní òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn ọmọ náà dìde, gbogbo wọn pọ̀, ó ga, ó wólẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Àfáà tún lọ síwájú. Ó tún dìde, ó tún wólẹ̀. Mo ní kí n bọ́ bàtà mi. Bàtà kan ni mo bọ́. Òwúrọ̀ ni mo bọ́ èkejì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ènìyàn ní Ìbàdàn. Kì í ṣe oorun nìkan. Ìṣirò tí ó ti ń sá fún mi láti Àgbádárìgì wá jókòó níwájú mi bí ọmọ tí ó gbọ́ràn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́yìn ògiri, èmi náà yóò fa ìwé mi yọ. Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi wọn, gbogbo kíláàsì mi sì mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ kò dára fún ṣíṣe oríkunkun sí Míìsì.

Mo ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, nítorí pé a kọ́ mi láti máa wá ìdí ohun gbogbo. Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ó dára. Odó gígún kò wúlò, nítorí pé ó máa ń dákẹ́ lójijì, etí ẹni yóò sì máa retí rẹ̀. Òjò dára, ṣùgbọ́n kì í wá nígbà tí a bá pè é. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn obìnrin méjì tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí wọ́n ń jà lórí ọlọ ata kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni ó yé mi. Mo pàdánù oorun mi nítorí pé mo fẹ́ mọ ẹni tí ó gbé ọlọ náà. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà àwọn ọmọ wọ̀nyí kò pe orúkọ mi, kò bi mí ní ìbéèrè, èdè rẹ̀ kò sì yé mi. Ó ń lọ lọ́nà tirẹ̀, ó sì gbé mi dání. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ó ń sọ ènìyàn di àjèjì. Ibi tí ènìyàn kò bá ti rí ohùn tí ó lè gbàgbé pé òun ń gbọ́, ibẹ̀ ni ìdálẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà wá wo bí mo ṣe ń kàwé. Bí ó ti jókòó ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ojú rẹ̀ kún fún àánú.

“Míìsì Dáfídì! Inú èyí ni ẹ ti ń kàwé?”

“Sà, ní ti òótọ́, ohùn yìí gan-an ni ó ń—”

Ó gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ ìyà nígbà tí mo bá rí i.”

Ó mú àgbà ìjọ méjì àti iṣu tí ó jọjú, ó lọ bẹ Àfáà Sànúsí. Àfáà náà kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ó ní ọmọ ìwé kò gbọdọ̀ dí ọmọ ìwé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ ní Òkè Mápó, ó ní wọn kò ní padà títí ìdánwò Míìsì yóò fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká, gbogbo àdúgbò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tiwọn. Àwọn aládùúgbò gbé odó wọn lọ sí òdìkejì. Ẹnìkan fi okùn di ẹnu ewúrẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ ata kò dá ìjà dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń fi jà. Mo jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́jẹ́ náà, mo sì ń gbọ́ ọkàn mi. Oorun lọ. Ìṣirò tẹ̀lé e. Mo pín nọ́ńbà kan, èyí tí ó ṣẹ́ kù sì pọ̀ ju èyí tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú yàrá tí ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì tí ó jókòó sí igun, tí ó ń mu tíì.

Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ ni ó ni ẹ̀bẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti gbà fún un, òun nìkan ni ó lè lọ tú u. Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ.

“Sà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ariwo náà padà.”

Ó wò mí, omi lé sí ojú rẹ̀. “Ẹ kò fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa rìn jìnnà nítorí yín. Irú ìrẹ̀lẹ̀ wo nìyí!”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ mi ṣe àpẹẹrẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àdúgbò sì tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo wọ aṣọ dáadáa, mo dé fìlà mi, mo sì lọ sí agbo ilé Àfáà fúnra mi. Ìyá Sàfú, ìyáálé rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ rí mi, àyà rẹ̀ sì já.

“Ẹ kú ìwé o, Míìsì. Ṣé adìẹ wa ló ké?”

“Rárá, mà.”

“Ikọ́ Àfáà ni, àbí? Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wú u sínú aṣọ.”

Mo kúnlẹ̀. Kò rọrùn fún mi. Mo ní, “Mà, ariwo ni mo wá tọrọ.”

Wọ́n pe Àfáà jáde. Ọkùnrin gíga ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó tẹ́tí sí mi títí dé òpin.

“Wọ́n ní kí a dákẹ́, a dákẹ́. Ẹ wá ní kí a máa pariwo?”

“Ìwé kíkà ni, sà. Mo ṣì í pè ni.”

Ìyá Sàfú ti fi aṣọ bo ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àfáà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo òkè fún ìgbà díẹ̀.

“Mo ti fún àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀ mi,” ni ó wí. “Bí mo bá kó wọn padà lẹ́yìn rẹ̀, ojú yóò ti òun, ojú yóò sì ti èmi náà. N kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Òkè Mápó kì í ṣe ilé Ọ̀gbẹ́ni yín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè gun òkè.”

Ẹsẹ̀ mi le. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti parí iṣẹ́, mo ń gbé àga kan àti síléètì mi gun Òkè Mápó, mo sì ń jókòó sí ìta ẹnu ọ̀nà ilé kéwú náà, pẹ̀lú fìlà mi lórí. Àwọn ọmọ ní wàláà tiwọn, mo ní síléètì tèmi. Ìṣirò padà wá. Mo ń sùn díẹ̀ lórí àga pàápàá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Obìnrin kan nínú ìjọ ń kọjá lọ, ó rí mi. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé Ọjà'ba, mo ti di Mùsùlùmí. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Àrẹ̀mọ, mo ti ní orúkọ tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé ojú sókè láti inú ìṣirò pípín gígùn kan, mo sì rí Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, Bàbá Lúùkù lẹ́yìn rẹ̀, àti Ìyá Jémíímà pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ tí ó tóbi jù.

“Rèbékà!” ni Ìyá Jémíímà ké. “Kí ni n óo wí fún ìyá tí ó bí ọ?”

“Míìsì Dáfídì,” ni Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà wí, “kí ni ẹ ń ṣe níbí?”

“Ìṣirò ni, sà.”

Ó gba síléètì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò rí àṣìṣe. “Ta ni ó ràn yín lọ́wọ́?”

“Àwọn ọmọ yìí ni, sà. Wọn kò mọ̀ ni.”

Àfáà Sànúsí jáde, ó kí wọn, ó tẹ́ ẹní fún wọn sí abẹ́ ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà ní òun yóò jókòó títí àwọn ọmọ yóò fi kà tán, kí òun lè bá mi wí láìsí ìdíwọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ohùn náà dìde, ó ga, ó wólẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Mo rí i tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ọwọ́ rẹ̀ tú sílẹ̀, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun kan sì yí jáde láti inú àpò kóòtù rẹ̀, ó ń yí lọ lórí ilẹ̀ títí tí ó fi dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá Jémíímà.

“Òkun nìyẹn!” ni Ìyá Jémíímà pariwo.

Ìkarahun mi ni. Ó ń dán bí ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, gèlè ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà sì wà lára rẹ̀, ó ti ní kókó níbi tí etí máa ń wà.

Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà lajú. Ó wo ìkarahun náà, ó wo gbogbo wa.

“Mo ń gbàdúrà ni,” ni ó wí.

Bàbá Lúùkù nìkan ni ó dáhùn pé, “Àmín.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì náà tún gbé iṣu lọ sí ilé Àfáà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ọmọ padà sí ẹ̀yìn ògiri, fún àǹfààní ẹ̀kọ́. Èmi kò béèrè ìkarahun mi. Ó nílò rẹ̀.

Yàrá ìdánwò dákẹ́, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ìró kálámù lórí bébà dà bí omi tí ń fà padà lórí iyanrìn. Mo tẹrí ba, mo sì kọ̀wé. Mo yege. Màmá Fáló gbé ìròyìn náà lọ sílé, ó sì gbé èsì padà sí àárín Ọjà'ba:

“Bàbá rẹ ní ó dára! Ìyá rẹ ń jó! Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì náà gbọ́!”

“Kí ni ó wí, mà?”

“Kò sọ nǹkan kan.”

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé mi padà sí etí òkun láti máa ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ nínú ilé bàbá mi, mo ń retí oorun. Òkun ń hó, ó ń hó, kò sí Àfáà tí ó ń ṣáájú rẹ̀, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá mi béèrè kí ni ó ṣe mí. Mo sọ fún un pé ibí yìí ti ṣe àjèjì sí mi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ bí mo ṣe kúrò ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin mi yóò lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń di ẹrù, alẹ́ ìsinmi àwọn ọmọ kéwú, mo sì ti gbà nínú ọkàn mi pé n kò ní sùn. Lójijì ni mo gbọ́ ohùn Àfáà lẹ́yìn ògiri, ní òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde. Ó ti kó wọn jọ ní ọjọ́ ìsinmi wọn, nítorí pé Míìsì ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì yẹ kí ó sùn dáadáa.

N kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́. Nígbà tí mo jáde ní ìdájí, tí mo gba ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn kọjá, wọ́n ti sùn lọ sórí ẹní lábẹ́ ògiri, wàláà lórí àyà ẹlòmíràn, ẹnu ẹlòmíràn sì là sílẹ̀. Ìyá Sàfú fẹ́ jí wọn kí wọ́n lè kí mi. Mo mi orí. Mo bọ́ bàtà mi méjèèjì, mo mú wọn lọ́wọ́, mo sì rọra kọjá lára wọn láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró kankan. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá, ọdún 1913 ni mo rí wọn kẹ́yìn.